Ta Ló Ń Bọ́ Àwọn Àlùfáà Timbuktu?

Ìbéèrè: "Bàbá tó bí bàbá mi kọ́ ọmọ ní kéwú ní Ìséyìn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n òfì ló fi ń jẹun. Mo ń kà á káàkiri pé ní Timbuktu láyé àtijọ́, àlùfáà pọ̀ bí eṣú, ìwé sì níyì ju wúrà lọ. Ta ló ń bọ́ gbogbo wọn? Ṣé ọba ló ń san owó oṣù fún wọn bíi ti yunifásítì, àbí àwọn náà ní iṣẹ́ ọwọ́ bíi ti bàbá wa?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹni tó bá bi mí ní ọ̀rọ̀ Timbuktu, iye ìwé tó wà níbẹ̀ ló máa ń fẹ́ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bèèrè ọbẹ̀.

Bíi ti bàbá yín ni. Ọba a máa fún wọn lẹ́bùn, ẹ̀bùn náà a sì máa tóbi nígbà mìíràn, àmọ́ n kò rí ohun tó jọ owó oṣù níbẹ̀. Òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé wọn ró, ohun tí àwọn ọmọ kéwú ń mú wá sì ń dí ihò tó bá ṣẹ́kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yunifásítì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mọ́sáláṣí Sankore lókìkí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá àgbà kan tó ń darí gbogbo ẹ̀kọ́ ìlú, kò sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ òfin Maliki, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, ọ̀dọ̀ àlùfáà tó mọ̀ ọ́n jù ló ń lọ. Yóò jókòó níwájú rẹ̀, yóò ka ìwé náà sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, olùkọ́ yóò sì kọ ìwé àṣẹ fún un pé òun náà lè fi ìwé yẹn kọ́ ẹlòmíràn. Orúkọ olùkọ́ ló wà nínú ìwé àṣẹ náà, àti orúkọ ẹni tó kọ́ olùkọ́. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kò sí ńbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ owó tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Ìjọba Songhai ló ni Timbuktu nígbà tí ìlú náà gbóná jù, láti 1468 títí di 1591. Gao ni ọba ń gbé, létí odò tí àwa ń pè ní Ọya, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn sí Timbuktu. Sunni Ali, ọba Songhai, ló fogun gba ìlú náà. Ó pa lára àwọn àlùfáà ibẹ̀, àwọn mìíràn sá lọ sí Walata létí aṣálẹ̀. Àlùfáà ló sì kọ ìtàn ilẹ̀ náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, nítorí náà bí ẹ bá ka ohun burúkú nípa Sunni Ali, ẹ rántí pé ẹnu àwọn tí òun fìyà jẹ la ti gbọ́ ọ. Ó kú ní 1492. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú àwọn balógun rẹ̀, Muhammad Ture, gbógun ti ọmọ rẹ̀, ó lé e kúrò lórí oyè, ó sì di Askia Muhammad; Askia ni oyè ọba láti ìgbà náà lọ.

Askia yìí kì í ṣe ọmọ oyè. Ọba tí kò jogún adé ní láti wá nǹkan mìíràn fẹ̀yìn tì, ẹ̀sìn ni òun rí fẹ̀yìn tì. Ní nǹkan bí 1496 ó gbéra, ó lọ sí Mẹ́kà. Àwọn ìwé ìtàn Timbuktu sọ pé wúrà tó kó dání tó 300,000 mithqal. Mithqal kan sì lé díẹ̀ ní gíráàmù 4. Ó fi 100,000 nínú rẹ̀ ṣe sàárà ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, ó sì ra ọgbà kan sí Mẹ̀dínà, tó yà sọ́tọ̀ fún àwọn alálàájì tó bá ti ilẹ̀ rẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa padà dé, oyè khalifa, ìyẹn olórí àwọn Mùsùlùmí, ti wà lórí rẹ̀ fún ilẹ̀ Takrur, bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń pe ìhà tiwa. Ẹni tó bá tún fẹ́ bèèrè pé ọmọ ta ni, kó lọ bèèrè ní Mẹ́kà.

Bó ṣe pín ìṣàkóso ilẹ̀ náà fún àwọn ìjòyè tó ohun tí èèyàn ń wò. Kurmina-fari jókòó sí Tendirma, ó ń mójú tó gbogbo ìwọ̀-oòrùn. Àbúrò ọba ni Askia kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ìdílé ọba ni oyè náà sì sábà máa ń wà. Dendi-fari wà lápá gúúsù ìlà-oòrùn, òun sì ni àṣà fún láyè láti kojú ọba kó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un láìsí pé orí rẹ̀ lọ. Hi-koi ni olórí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, oyè tó le ju bí a ṣe máa rò ó lọ, nítorí odò ni títì ìjọba náà: ọmọ ogun, ọkà àti iyọ̀, ojú omi ni gbogbo wọn ń gbà. Olórí àwọn ìwẹ̀fà ló ń mójú tó ààfin. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ kò ní ya ẹnu sí ìyẹn. Korey-farma ló ń bójú tó àwọn Lárúbáwá àti àwọn Berber tó bá wọ ìlú. Timbuktu fúnra rẹ̀ ní ìjòyè tó ń gba owó orí, èbúté rẹ̀ ní Kabara sì ní ìjòyè ológun tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìlú, gbogbo wọn kò tó adájọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní qadi. Mà á padà sórí ìyẹn.

Iyọ̀ ló kàn.

Láàárín gbùngbùn Sahara, ibì kan wà tó ń jẹ́ Taghaza, tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ nínú ilẹ̀ bí a ti ń wa òkúta. Ibn Battuta gba ibẹ̀ kọjá ní 1352, nígbà tí Mali ṣì ni alágbára. Ó ní búlọ́ọ̀kù iyọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ilé, awọ ràkúnmí ni wọ́n fi bo òrùlé. Kò sí igi kan ṣoṣo. Omi ibẹ̀ ní iyọ̀ nínú, eṣinṣin sì pọ̀ ju ohun tí ẹnu ń sọ. Ẹrú ló ń wa iyọ̀ náà, ohun tí wọ́n sì ń jẹ, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá: dàbínù láti Mọ̀rókò, ọkà láti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹran ràkúnmí. Bí ọ̀wọ́ ràkúnmí bá pẹ́ kó tó dé, ebi dé nìyẹn. Ó tún sọ iye tí wọ́n ń tà á. Ẹrù ràkúnmí kan tó jẹ́ mithqal 8 sí 10 ní Walata, bó bá dé olú ìlú Mali, 20 sí 30 ni, ó sì lè wọ 40. Ẹ fi ojú alájàpá wo ìyẹn. Iyọ̀ kan náà, kò pọ̀ sí i, ìrìn ló sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

Nígbà ayé àwọn Askia, Timbuktu ni ràkúnmí ti ń kúnlẹ̀. Wọ́n á já iyọ̀ sílẹ̀, wọ́n á kó o lọ sí Kabara, wọ́n á dì í sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Jenne, ìlú ọjà kan ní ìhà gúúsù. Ní Jenne, àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní Wangara ti ń dúró pẹ̀lú wúrà tí wọ́n kó bọ̀ láti ìhà igbó, àti obì gbànja. Láti àríwá, aṣọ, ẹṣin, bàbà àti ìwé ló ń wá. Láti gúúsù, wúrà, obì àti ẹrú ló ń lọ.

Ẹ wo ohun tí òwò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Oníṣòwò kan láti Ghadames, ìlú kan ní Líbíyà òde òní, gbé ọjà fún ẹni tí kò tún ní rí títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó ń fẹ́ ìwé àdéhùn, ó ń fẹ́ ẹlẹ́rìí, ó ń fẹ́ adájọ́ tó máa ka ìwé náà bí wọ́n ṣe máa kà á ní ìlú tirẹ̀. Bó bá kú sọ́nà, ẹnì kan ní láti pín ogún rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn sí ibẹ̀. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé òfin Maliki tí Khalil kọ, èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Timbuktu: orí ọ̀rọ̀ títà àti rírà, orí ọ̀rọ̀ gbèsè, orí ọ̀rọ̀ ogún. Àwọn kan rò pé ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀, ọ̀tọ̀ ni ọjà, pé àlùfáà kan jókòó síbi tútù kan tó ń wo ọ̀run. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọjà ló nílò ìwé náà. Àlùfáà ló mọ̀ ọ́n kà, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń ṣòwò náà, nítorí ta ni ì bá tún fọkàn tán jù wọ́n lọ?

Ẹ wo Muhammad Baghayogho. Ìdílé Wangara ló ti wá, ní Jenne, ìdílé òwò àti ìwé. Ó bá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan kó lọ sí Timbuktu, ó sì di olùkọ́ tí gbogbo ìlú ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ahmad Baba, tó jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ọdún 10 lọ, kọ ìtàn rẹ̀. Ó ní bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ rí bá kanlẹ̀kùn pé òun ń wá ìwé kan, bàbá náà á wá a jáde, á gbé e fún un, kò ní bi í pé ta ni. Ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ ló lọ tí kò padà mọ́, títí kan èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí orí rẹ̀ le nínú ẹ̀kọ́, òun ló máa ń fara dà á jù, débi pé ó máa ń sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Ọba fẹ́ fi í ṣe adájọ́. Ó kọ̀. Ẹni tó ń retí owó oṣù kò lè kọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ni àwọn ńlá. Ti àwọn olùkọ́ kékeré ló máa dùn mọ́ yín, nítorí ilé yín ni. Ìwé ìtàn kan láti ìlú náà sọ pé ilé kéwú tó wà ní Timbuktu tó 150 sí 180. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà ní òun wọ ilé ọ̀kan nínú wọn, Takariya, ní ọjọ́ Àlàrùbá kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn ọmọ ń mú owó ẹyọ wá, ẹlòmíràn 5, ẹlòmíràn 10, bí àṣà ọjọ́ náà ti rí. Gbogbo rẹ̀ di 1,725. Ó wá wo àgbàlá, ó ka wàláà tó wà nílẹ̀: 123. Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéwú nílẹ̀ wa rí mọ owó Àlàrùbá, mo sì lérò pé bàbá yín gbà á. Kì í ṣe pé a kàn ṣe kòńgẹ́ wọn. Alfa ni àwọn ará Songhai ń pe onímọ̀ ẹ̀sìn. Láti ẹnu wọn ni àwọn onímọ̀ èdè ti tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ àlùfáà wa. Ọ̀pọ̀ sì gbà pé ará Mali ni Ìmàle túmọ̀ sí. Àwọn oníṣòwò Wangara yẹn ló rin ọ̀nà náà dé ọ̀dọ̀ wa, obì àti ẹrù lórí, wàláà lábẹ́ apá.

Ti òfì bàbá yín náà wà níbẹ̀. Ìwé kan náà ka ilé ìránṣọ tó wà ní Timbuktu, ó ní wọ́n jẹ́ 26, tindi ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá kan ló ń darí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ tó tó 50 ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn ní 70 títí dé 100. Àlùfáà pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí. Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ọmọ tó ń kàwé létí.

Iṣẹ́ ìwé dídà kọ náà ń mówó wọlé. Ní ọdún 1570 sí 1580, ẹnì kan ní Timbuktu gbé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè Lárúbáwá kan síta, èyí tó pín sí ọ̀pọ̀ apá. Ní ìparí rẹ̀ wọ́n kọ iye tí wọ́n san sílẹ̀: akọ̀wé ń gba mithqal 1 lóṣù, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fún àṣìṣe ń gba ìdajì rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó gba owó oṣù ní Timbuktu, akọ̀wé yìí ni, ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ìwé ló sì ti gbà á.

Ọba ńkọ́? Ọkùnrin kan tó ti Fez wá, al-Hasan al-Wazzan, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Leo Africanus, dé Timbuktu ní nǹkan bí 1510. Ó kọ ọ́ pé ọba ń tọ́jú àwọn adájọ́ àti onímọ̀ dáadáa, pé èrè tó wà lórí ìwé sì ju ti ọjà yòókù lọ. Òun ni gbogbo ènìyàn ń gbé ka ẹnu. Mo gba ọ̀rọ̀ ìwé gbọ́. Ní ti owó, ẹ má gbàgbé pé ìlú Róòmù ló ti kọ ọ́ lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, fún àwọn tó mọ kìkì àlùfáà tó ń jẹun lábẹ́ pópù àti àwọn ọmọ ọba. Ohun tí àwọn ará Timbuktu fúnra wọn kọ sílẹ̀ jọ ẹ̀bùn ju owó oṣù lọ: ilẹ̀ oko, ẹrú tó ń ro ó, aṣọ, ìwé àṣẹ pé kí ìjòyè kankan má gba owó orí lọ́wọ́ ìdílé báyìí-báyìí. Askia Dawud, tó jọba láti 1549 sí nǹkan bí 1582, ní àwọn akọ̀wé tó ń da ìwé kọ fún un, ó sì ń fi lára rẹ̀ ta àwọn àlùfáà lọ́rẹ. Ó ra ìwé atúmọ̀ èdè al-Qamus fún onímọ̀ kan ní mithqal 80. Ẹ fi wé akọ̀wé tó ń gba 1 lóṣù: ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ ni yóò fi ṣiṣẹ́ kó tó lè rà á, láìjẹ láìmu.

Ẹ̀bùn sì ní ewu tirẹ̀, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Al-Maghili, àlùfáà àríwá tí Askia Muhammad kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí, kìlọ̀ fún un gan-an nípa àwọn onímọ̀ tó ń jẹ owó aráyé lórúkọ ẹ̀sìn. Ìdí nìyẹn tí adájọ́ Timbuktu fi ń jókòó jìnnà sí Gao. Mahmud ọmọ Umar, láti ìdílé Aqit, gba ipò náà ní 1498, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1548. Wọ́n sọ pé ó ń lé àwọn ìránṣẹ́ ọba padà láìjẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n wá jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Askia, ó wá sí Timbuktu fúnra rẹ̀, ó bi í ní ìdí tó fi ń lé wọn padà. Mahmud bi í padà pé ṣé ó ti gbàgbé ọjọ́ tó wá bá òun nílé, tó di òun láṣọ mú, tó ní kí òun dúró láàárín òun àti iná ọ̀run? Ìdí tí òun fi ń lé ìránṣẹ́ rẹ̀ padà nìyẹn. Askia ní òun ti gbàgbé lóòótọ́, ó sì dúpẹ́. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ tàbí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ìtàn tí ìlú náà fẹ́ láti máa pa nípa ara rẹ̀ nìyẹn. Ọba tí kò jogún adé ń fẹ́ ẹnu àlùfáà ju bí àlùfáà ti ń fẹ́ àpò rẹ̀ lọ.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹrú pamọ́. Oko ọba tó wà létí odò, ẹrú ló ń ro ó. Taghaza, ẹrú ni. Ẹ̀bùn tí Askia ń fún àlùfáà, ẹrú wà nínú rẹ̀. Ní 1615, àwọn kan kọ̀wé láti Tuat, ní aṣálẹ̀ Algeria òde òní, sí Ahmad Baba pé irú èèyàn wo ni Mùsùlùmí lè rà. Ó dáhùn pé àwọ̀ ara kò kàn án, ẹ̀sìn ni: ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí láti ilé rẹ̀, kò sí ẹni tó lè tà á. Ó wá ka orúkọ àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Mossi wà ńbẹ̀, Gurma, Borgu, Busa, àti Yarba, ìyẹn àwa. Nínú gbogbo ìwé tí a tíì rí, ibẹ̀ ni orúkọ wa ti kọ́kọ́ hàn. Inú ìwé nípa ẹni tí wọ́n lè tà ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé àpò ọba ni owó àwọn àlùfáà wà, kó wo ohun tí àwọn ọmọ ogun Mọ̀rókò ṣe. Ahmad al-Mansur, sultan Mọ̀rókò, rán balógun rẹ̀, Judar, wá pẹ̀lú nǹkan bí 4,000 ènìyàn àti ìbọn, wọ́n sì ṣẹ́gun Askia Ishaq Kejì ní Tondibi, nítòsí Gao, ní oṣù Kẹta 1591. Àwọn ará Songhai pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọfà àti ọ̀kọ̀ ni tiwọn, ọdún mẹ́ta péré ló sì kọjá lórí ogun abẹ́lé tó ti ya ìdílé ọba sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ ogun Mọ̀rókò wọ Gao, wọn kò rí ohun tí wọ́n wá. Wọ́n kó lọ sí Timbuktu.

Ní 1593, Pasha Mahmud, balógun Mọ̀rókò tó rọ́pò Judar, pe àwọn àlùfáà sí mọ́sáláṣí Sankore pé kí wọ́n wá búra fún sultan. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì mú wọn. Ilé wọn ni àwọn ọmọ ogun wá rọ́ lọ. Owó ìdílé wà níbẹ̀, owó tí àwọn ará ìlú fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n kó o jẹ, wọ́n pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́, síbẹ̀ ohun tó ṣẹ́kù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Marrakesh, ìlú sultan, tó 100,000 mithqal, iye kan náà tí Askia Muhammad fi ṣe sàárà ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà.

Wọ́n de Ahmad Baba ní ẹ̀wọ̀n, wọ́n mú un la aṣálẹ̀ kọjá. Ó já láti orí ràkúnmí lọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tó rí al-Mansur, ìwé rẹ̀ ló bi í léèrè. Wọ́n kó 1,600 nílé òun, ó ní, nínú gbogbo ìdílé òun sì rèé, ti òun ló kéré jù.